Ipò Ènìyàn Láwùjọ àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Láti Whitehall dé Ìgbò-Ọrà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀gá tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní kí n wá bá ẹ̀yin òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má wá ka òfin má-jẹ-èyí-má-mu-tọ̀hún sí yín létí, nítorí pé ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín. Mo gbà fún un. Ohun tí mo mú wá ni ọ̀rọ̀ kan tó bá irú ìjókòó yìí mu, níbi tí ẹni tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà rí ti jókòó ti ẹni tó ti jẹ́ mẹ́sẹ́ńjà rí: kí ni ipò tí ènìyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, owó tó ń wọlé fún un àti ìwé tó kà ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn tí yóò bá a dalẹ́?

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣókùnkùn: ẹni tí ara rẹ̀ dá ni í ríṣẹ́ ṣe, ẹni tó bá ríṣẹ́ ṣe ni í rówó. Ṣùgbọ́n bí a bá yí òwe náà padà, tí a béèrè bóyá ọrọ̀ náà loògùn ìlera, ìdáhùn kò rọrùn mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àìsàn olówó ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ru, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni ilé alájà méjì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ikùn tó yọ síwájú. Lónìí, ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, kí ẹ sì béèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìyá aláta, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, bíríkìlà àti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀, àwọn ọlọ́lá náà sì wà láàárín wọn. Ọ̀nà tí àìsàn olówó gbà di ti gbogbo ayé ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ lónìí.

Àdúgbò kan ń bẹ ní London tí wọ́n ń pè ní Whitehall. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tò sí, gẹ́gẹ́ bí Sẹkitéríàtì Àgódi ṣe wà níhìn-ín. Láti ọdún 1967 ni Donald Reid, Geoffrey Rose àti àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ wò. Iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 17,000. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n wo ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n béèrè ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí kì í mu ún, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mọ ẹni tó kú àti ohun tó pa á. Michael Marmot, tó dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà, ni òkìkí rẹ̀ wá kàn jù lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irú àwọn tí a ń sọ yìí sọ́kàn. Kò sí tálákà paraku kankan nínú wọn. Owó oṣù kì í yẹ̀ lọ́wọ́ wọn, owó ìfẹ̀yìntì ń dúró dè wọ́n, bí ara wọn kò bá sì yá, ilé ìwòsàn ìjọba ń bẹ tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn kí dókítà tó rí wọn. Síbẹ̀, àwọn mẹ́sẹ́ńjà àti àwọn aṣọ́nà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń kú nípa àrùn ọkàn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá tó wà lókè téńté. Èyí tó ya àwọn oníwàádìí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe pé ìsàlẹ̀ nìkan ló burú tí ìyókù sì dára. Bí àkàbà ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹni tó wà ní àtẹ̀gùn kejì láti òkè ń kú ju ẹni tó wà lókè rẹ̀ lọ, ẹni tó wà ní ìkẹta ń kú ju ti ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Igbákejì ọ̀gá, ẹni tí gbogbo wa yóò pè ní olówó, náà ní ohun tó ń san lórí pé òun kọ́ ni ọ̀gá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn yóò sọ ni pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń fa sìgá jù. Òótọ́ ni, wọ́n ń fà á jù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò náà, tí wọ́n yọ ti sìgá kúrò, tí wọ́n yọ ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kúrò, ohun tí gbogbo wọn lápapọ̀ lè ṣàlàyé kò tó ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Kí ló wá ṣe ìyókù? Ní ọdún 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kejì, tí wọ́n kó àwọn obìnrin mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí, tí iye wọn lápapọ̀ sì lé ní 10,000. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tí kò ní àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń sọ fún nígbà tí yóò dìde, nígbà tí yóò jókòó àti bí yóò ṣe ṣe é, ni àrùn ọkàn ń tètè mú. Wọ́n tún rí i pé bí ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nígbà tí wọ́n bá délé ni ti ọ̀gá ń wálẹ̀ dáadáa, tí ti ọmọ abẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé lábẹ́ onílé tó ń kan ilẹ̀kùn mọ àlàyé ọ̀rọ̀ yìí ju dókítà lọ. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara a máa gbára dì: ọkàn a máa sáré, òpójẹ̀ a máa fún, ara a sì máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ènìyàn lè rí agbára sá tàbí kó jà. Ẹ̀bùn ni èyí jẹ́ fún ẹni tó pàdé ejò lójú ọ̀nà oko. Ejò yóò kọjá, ara yóò sì rọlẹ̀. Owó ilé, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀gá tó lè lé ni lọ lọ́la kì í kọjá bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ara ẹni tí wọ́n ń lé kiri kì í rí àyè rọlẹ̀, òpójẹ̀ tó sì fún fún ogún ọdún yóò le bí awọ gbígbẹ.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ẹni tó bá wà lókè ni ara rẹ̀ ń dá, ó parí. Kò parí. Nílé wa níbí ni wọ́n ti rí òdìkejì rẹ̀. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn oníwàádìí láti Ìbàdàn pẹ̀lú Richard Cooper àti Charles Rotimi, tí wọ́n wà ní Chicago nígbà náà, wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọ̀wọ́ ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n ti lé ní ọmọ ọdún 45: àwọn àgbẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà, àwọn mẹ̀kúnnù inú ìgboro Ìbàdàn, àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Nínú àgbẹ̀ 100, ẹ̀jẹ̀ 14 ló ru. Nínú àwọn mẹ̀kúnnù ìgboro, 25. Nínú àwọn ará rélùwéè, 29. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, kó má bínú sí mi, mi ò fi yín ṣẹlẹ́yà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú Benin, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ́pọ̀ lára àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá ju ti àwọn ọmọ abẹ́ wọn lọ. Àkàbà kan náà ni, àmọ́ wọ́n dorí rẹ̀ kodò.

Kò yẹ kó ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Àgbẹ̀ Ìgbò-Ọrà ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó ń kọ ebè, ó ń fi àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa yó, bó bá sì fi máa di alẹ́, ohun tó jẹ ti tán lára rẹ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ ìjọba ti rí àga, ó ti rí búrẹ́dì àti mílíìkì alágolo, ó ti rí owó ọkọ̀. Ó sanra, àwọn ará ilé sì kí i kú oríire, nítorí pé lójú tiwa, ẹni tó bá sanra ni ayé ń yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín oko àti ìgboro ni àwọn oníwàádìí wọ̀nyẹn rí gbámú nínú ìwọ̀n ara àti oúnjẹ.

Àwọn kan náà ló tún gbé òṣùwọ̀n wọn kọjá òkun. Wọ́n wọn àwọn ènìyàn tó lé ní 10,000, gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, Saint Lucia, Barbados, àti Maywood tó wà lẹ́bàá Chicago. Ní ọdún 1997 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde: ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ 16 nínú 100 ló ru, ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, 26, ní Amẹ́ríkà, 33. Bí ara ṣe ń wúwo sí i, tí iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ láti ibì kan dé ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ru sí i. Mo máa ń rántí iye mẹ́ta yìí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n dá mọ́ ríru. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ọmọ ìyá tó dúró sílé àti èyí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ kì bá tí jìnnà síra bẹ́ẹ̀. Kódà, nígbà tí wọ́n fi àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Jámánì wéra pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ti àwọn ará Jámánì ló pọ̀ jù.

Ó dà bí ẹni pé London ń sọ tirẹ̀, Ìbàdàn ń sọ tirẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ, ibi tí kálukú dé nínú rẹ̀ ni kò dọ́gba. Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ikú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1931 wò, wọ́n rí i pé àwọn ọ̀gá àti àwọn ọlọ́lá ni àrùn ọkàn ń pa jù níbẹ̀ náà nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 1961, ó ti yí sórí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré. Ìdí ni pé ẹni tó lówó ló kọ́kọ́ ń ra ohun tí ń fa àìsàn: sìgá nígbà tó ṣì jẹ́ ohun fàájì, ẹran ọlọ́ràá, ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn á di ọ̀pọ̀, ọwọ́ mẹ̀kúnnù á tó wọn. Nígbà náà ni olówó yóò ti ka ìwé, tí yóò ti gbọ́ ìkìlọ̀ dókítà rẹ̀, tí yóò sì ti jáwọ́. Àìsàn a máa bá owó wọ̀lú, àmọ́ nígbà tí owó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, àìsàn kì í bá a lọ. Ọ̀dọ̀ tálákà ló ń kọ́lé sí.

Ibo ni àwa wá dé? Ìgbìmọ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkùgbé jẹ́ alága rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní 1997, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 11 nínú àgbàlagbà 100 ló ru. Nígbà náà, bí ìfúnpá bá dé 160 nínú iye tòkè tàbí 95 nínú iye tìsàlẹ̀ ni wọ́n tó ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Òṣùwọ̀n òde òní, tó jẹ́ 140 àti 90, ń tètè mú ènìyàn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ni tòótọ́ tòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 30 nínú 100 ni àwọn tó ṣe àròpọ̀ ìwádìí lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí ń kà. Lọ́dún 2003, obìnrin bí 21 nínú 100 ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2018, ó ti di 28. Àwọn obìnrin tó rí jájẹ ló ṣì wà níwájú nínú ti ìsanra. Sìgá kò tíì mú wa púpọ̀. Lọ́dún 2012, ọkùnrin 10 nínú 100 ni wọ́n rí pé ó ń lo tábà, obìnrin kò ju bí 1 lọ, ká sì máa dúpẹ́ pé àwọn ìyá wa kò fojú rere wo ọmọbìnrin tó ń fa sìgá. Nítorí náà, ojú ọ̀nà la wà. Àìsàn náà kò tíì fi olówó sílẹ̀, ó sì ti bá mẹ̀kúnnù.

Ẹ wo bó ṣe ń bá mẹ̀kúnnù. Wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n kò rí ìṣẹ́ ayé òde òní, tó ń fi ikùn kíkún pani. Bí owó ọwọ́ bá kéré, ẹ̀bà yóò tóbi, ẹja yóò kéré, mágí yóò sì wọ inú ìkòkò mẹ́ta mẹ́rin láti rọ́pò ẹja tí kò sí. Iyọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú mágí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan péré, nínú gbogbo ohun tó jẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Èso tí dókítà ní kí ó máa jẹ wọ́n ju búrẹ́dì lọ, ọ̀rá tí aláàkàrà sì fi ń dín nǹkan lè ti wà lórí iná láti ìjẹta. Ẹni tó ń kúrò nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kí ó tó lè wọ dánfó, tó sì ń padà ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìgbà wo ni yóò sáré ní pápá ìṣeré?

Ìṣẹ́ a tilẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí ènìyàn. Ọdún 1967 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Whitehall ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ìyàn Biafra fi tó ẹni ogójì ọdún, àwọn oníwàádìí wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wọn ní Enugu, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà tó ga wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ ìyàn jù. Ara tí ebi kọ́ láti tọ́jú gbogbo ohun tó bá wọlé ni wọ́n gbé wá sáyé, ara yẹn ni wọ́n sì gbé wọ ayé ẹlẹ́rìndòdò àti núdùsù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ti ìtọ́jú, nítorí pé mo lọ́wọ́ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá káfíńtà kan máa ń wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í wálẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kì í lo oògùn déédéé, bí ẹni pé ìwà ni. Lọ́jọ́ kan ni mo wá jókòó tì í, tí mo bi í léèrè. Ó ní oògùn oṣù kan kọjá owó tí òun ń rí. Kẹ́míìsì àdúgbò ń já a sí wẹ́wẹ́ fún òun, hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òun á sì lò ó ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ òun. Ọjọ́ tí òun bá wá rí wa, òun kò ní ríṣẹ́ ṣe, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sì tó owó oògùn ọjọ́ mélòó kan. Bàbá náà mọ ìṣirò ju èmi tí mo kọ nǹkan sínú káàdì rẹ̀ lọ. Láti ọdún 2023 tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, àwọn tí mo rò pé wọ́n rí jájẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ní hóró.

Bí ẹ bá kó àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ní Nàìjíríà jọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó mọ̀ pé ó ń ṣe wọ́n, àwọn tí tiwọn sì wà ní ìkáwọ́ kò tó 5 nínú 100. Olówó àti tálákà lè jọ ní àìsàn kan náà, àmọ́ ọ̀kan yóò gbé e dé ọgọ́rin ọdún, èkejì yóò ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ ní àádọ́ta. Nínú gbogbo owó tí à ń ná lórí ìlera ní ilẹ̀ yìí, ó ju ìdajì lọ dáadáa tó ń ti àpò ẹni tí ara rẹ̀ kò yá jáde tààrà. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin dára, káfíńtà kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè yọ owó lára owó oṣù rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìjọba tún bù náírà 10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021, kí àwọn ènìyàn lè dín in kù. Ẹ̀yin tí ẹ ra ìgò kan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ wò ó bóyá ẹ rí ibi tí náírà 10 náà farapamọ́ sí. Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni òfin tó de ọ̀rá búburú tí wọ́n ń pè ní trans fat kí ó má ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí òróró, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ni ó mú, kò di ẹrù lé orí ìyá tó ń ra òróró tí wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù.

Ìdí nìyí tí mo fi mú ohun kan wá fún ẹgbẹ́ yìí. Ẹ ní àjọ, ẹ ní owó àfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí ẹ bá jọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní páálí lọ́wọ́ alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ, lábẹ́ ojú apòògùn tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín, iye tí hóró kan yóò dé ọwọ́ mẹ́sẹ́ńjà àtijọ́ kò ní jọ iye tí kẹ́míìsì ń já a tà fún un. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́yìn yín lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì méjì sì ń dúró dè yín. Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọjọ́ orí yín, iye tí ẹ̀rọ bá sọ, àti ìpele tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì nìkan ni wọn yóò kọ, kí á lè mọ̀ bóyá àkàbà Whitehall la wà lórí rẹ̀ nínú yàrá yìí, tàbí ti rélùwéè Ìbàdàn.